Adìyẹ Ti Rìn, Apá Kò Gbéra: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Teguntegun Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ẹ̀yin ìyá tó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ènìyàn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó lanu, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kà á lè rò pé ẹjọ́ ni mo wá rò. Ẹjọ́ kọ́. Obì ni mò ń tà ní Sábó, ní Ṣàgámù. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa èjìká, níbi tí mo ti máa ń dúró de àbúrò mi lọ́jọ́ tó bá lọ ṣe fisió, eré ara tí ọsibítù fi ń tọ́jú apá àti oríkèé, tí mo ń da ìbéèrè bo ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun kọjá, títí wọ́n fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, àbúrò mi gbé èrò láti Ìkẹ́nnẹ́ bọ̀ ní Ṣàgámù. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀. Ọ̀kadà gbé wọn ṣubú. Èrò ẹ̀yìn dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ dànù, orúnkún tó bó nìkan ló gbé lọ sílé. Àbúrò mi ní tirẹ̀ fi èjìká òsì gúnlẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀, òun ló jẹ́ kí n ṣì lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dà ti dá èjìká dúró, orí kò dúró. Orí ń lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo eré tí ọ̀kadà ń sá bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Eegun tó dábùú láti ọrùn sí èjìká dá sí méjì. Ẹ ò ní í bi mí léèrè ibi tá a gbé e lọ. Bàbá kan ni, ní abúlé kan tí n ò ní dárúkọ, ẹni tí àwọn òbí wa ti ń gbé eegun lọ bá kí wọ́n tó bí mi. Bàbá fọwọ́ wá ojú ibi tó dá, ó tò ó, ó fi òrí àti ewé sí i, ó di ọ̀pá pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ó wá mú àgbébọ̀ adìyẹ kan, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó to ti òun náà. Ó ní ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ká mọ̀ pé ọ̀nà ti là. Òótọ́ ni bàbá sọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, adìyẹ ti ń sá fún àkùkọ kiri àgbàlá, eegun àbúrò mi sì ti so. Nígbà tó yá tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ọsibítù, dókítà gbé e sójú iná, ó ní, “Ẹni tó to èyí mọ iṣẹ́.” Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ apá kò gbéra. Ó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá agbádá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. A fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, a fi òróró wọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò gbéra. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí èjìká rẹ̀ ká. Kò gbéra. Oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ di ti ọmọ aráyé: ta ni ó bá jà ní gáréèjì, ta ni kò fẹ́ kó ra ọ̀kadà tirẹ̀? A ná owó sí ìyẹn náà. Láàárín àkókò yìí, adìyẹ bàbá ti yé ẹyin, ó ti sàba, ó ti pa ọmọ. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni a lò kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Ọ̀rọ̀ kan ni ọmọbìnrin tó ń ṣe fisió kọ́kọ́ sọ fún wa níbẹ̀. Ó ní, “Iṣan ni.” Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó ní ṣebí òun ti sọ ọ́, iṣan ló sún kì, kí wọ́n fún wa ní báàmù tó gbóná dáadáa.

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀, kò dá lórí ẹ̀yin nìkan. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lára, iṣan là ń pè é. Ẹran tó máa ń le gbagidi ní apá alágbára, iṣan ni. Okùn funfun tó so ẹran mọ́ eegun, èyí tí a máa ń bá fà nínú ẹsẹ̀ màlúù, iṣan náà ni. Èyí tó wá ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ọwọ́, tó sì ń gbé ìròyìn ìgbóná àti òtútù padà lọ, òun náà, iṣan. Nǹkan mẹ́rin, orúkọ kan. Àwọn dókítà ń pe ti ìkẹyìn yẹn ní nẹ́ẹ̀fù, bẹ́ẹ̀ lèmi náà yóò ṣe máa pè é, torí iṣan tí ẹ ń wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tó ń jinná lọ́wọ́ yín, òun kọ́. Wáyà iná ni kẹ́ ẹ fi wé. Bí gílóòbù kò bá tàn, tó jẹ́ pé gílóòbù ò jó, tí NEPA sì mú iná wá, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í nu gílóòbù. Wáyà là ń tọpa rẹ̀.

Wáyà márùn-ún ló ń jáde wá sí apá kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ ọrùn, ọ̀kan láti òkè ẹ̀yìn. Wọn kì í lọ tààrà. Wọ́n á pàdé, wọ́n á wọnú ara wọn, wọ́n á tún pínyà, wọ́n á gba abẹ́ eegun tó dábùú yẹn kọjá sí abíyá, kí wọ́n tó wọ apá. Ẹni tó bá ti dúró ní oríta Ṣàgámù rí, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Benin, ó ti rí i. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde àti ọkọ̀ Ìbàdàn lè jọ ti Èkó bọ̀, ibi tí ọ̀nà bá ti dí ni yóò sọ ẹni tí kò ní délé. Bó bá jẹ́ méjì òkè ló bàjẹ́, èjìká kò ní gbé, ìgúnpá kò ní ká, àmọ́ ìka á ṣì lè di owó mú. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, èjìká á gbé sókè dáadáa, ìka ni kò ní gbọ́. Bí márààrún bá lọ, apá á kàn rọ̀ ni, kò sì ní mọ iná yàtọ̀ sí omi.

Ẹ wá rántí orí tó ń lọ sí ọ̀tún nígbà tí èjìká òsì ti dúró. Àárín orí àti èjìká ni àwọn wáyà yìí wà. Ńṣe ni wọ́n nà. Díẹ̀ nínú ti àbúrò mi já, òmíràn fà tu láti gbòǹgbò, lára ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó ń fa irú èyí fún àgbàlagbà tó ọ̀kadà. Eegun tó dá sì ni gbogbo wa ń wò, nítorí òun ló wú, òun ló ń dùn ún.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín sí mẹ́ta rèé, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀. Nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n kàn tẹ̀ tàbí tó nà díẹ̀, ó dákú ni, kò kú. Yóò jí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá pẹ́ púpọ̀, bí oṣù mẹ́ta. (Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n irú èyí ló ń bu iyì fún agbo. Aláìsàn mu ún, apá gbéra, a dúpẹ́ lọ́wọ́ agbo.) Ìkejì ni èyí tí wáyà inú ti já ṣùgbọ́n tí rọ́bà tó bò ó lára kò tíì já. Ìyẹn á tún hù, àmọ́ ìwọ̀n mìlímítà kan lójúmọ́ ló ń hù, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lóṣù. Ìkẹta ni èyí tó já pátápátá tàbí tó fà tu. Ìyẹn kò ní hù dé ibì kankan láìjẹ́ pé ẹnì kan fi abẹ yà á, kó sì so ó.

Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láti ọrùn dé ẹran tó ń ká ìgúnpá, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ní mìlímítà kan lójúmọ́, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá nìyẹn. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹwọ́, ó lè tó ọdún méjì. Ẹran ara kò sì lè máa dúró de àṣẹ títí láé. Bó bá fi máa tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ tí nẹ́ẹ̀fù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti rù, ó ti gan, bí wáyà bá tiẹ̀ padà dé, kò sí gílóòbù mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń fẹ́ rí irú èyí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ wá yọ oṣù mẹ́sàn-án tí a lò lórí òróró, gbẹ́rẹ́ àti ọmọ aráyé kúrò nínú ìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ títí, gbèsè ló máa kù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń bá wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé tí wọ́n ti ń la pákó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà náà ló gbé e ṣubú. Oṣù kejì ni wọ́n ti gbé e dé. Gbòǹgbò tó bá ti tu kì í ṣe é lẹ̀ padà, nítorí náà yíyá ni wọ́n ń yá nẹ́ẹ̀fù láti ibòmíràn. Wọ́n lè bu lára èyí tó ń lọ sí ìka ọwọ́, kí wọ́n fi fún ẹran tó ń ká ìgúnpá. Dókítà Faransé kan, Oberlin, ló gbé ìyẹn jáde ní 1994. Wọ́n lè gé èyí tó wà ní ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ láti fi ṣe àsopọ̀, kí apá kan ẹsẹ̀ kàn máa kú tìpẹ́tìpẹ́ díẹ̀. Ti ọmọkùnrin yìí, láàárín egungun ìhà ni wọ́n ti yá a, nẹ́ẹ̀fù tó ń bá wa mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi kó mí kanlẹ̀ kí ìgúnpá rẹ̀ tó ká. Bó bá wúkọ́, apá á ta sókè. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi nìkan ni kò rín.

Ohun tí wọ́n sọ fún tirẹ̀ ni pé ọwọ́ ti pẹ́ fún nẹ́ẹ̀fù. Bóyá lọ́jọ́ iwájú wọ́n á lè fa okùn ẹran tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ibì kan wá sí ibòmíràn, tàbí kí wọ́n so èjìká pọ̀ kó má ṣe máa já bọ́. Ní báyìí, fisió ni, kí oríkèé má baà gan. Ìrora ńkọ́? Apá tí kò mọ̀ bí o bá gún un lábẹ́rẹ́ ń jó o bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ ata. Parasítámọ́ọ̀lù kò rí i gbé ṣe. Oògùn tí wọ́n fún un jẹ́ ti àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, èkejì jẹ́ ti oníwárápá, torí àwọn ló ń pa ìrora nẹ́ẹ̀fù lẹ́nu mọ́. Ìyá mi bi ọmọ iléèwé kan ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ó da gbogbo rẹ̀ sí ṣálángá. Ó ní ọmọ òun kò ya wèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà wá kí a tó pẹ̀tù sí i nínú.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kẹ́ ẹ tó di ọ̀pá. Ẹni tí eegun èjìká rẹ̀ dá kò ní lè gbé apá, ìrora ni, kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò dá. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò dá. Ẹ ní kó ya ìka, kó dì í pọ̀, kó gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ ní kó di ojú, kẹ́ ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ra ara rẹ̀ láti òde èjìká, níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dé orí àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín, kó sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹ wá wo ojú rẹ̀. Bí ìpéǹpéjú ẹgbẹ́ tó fi ṣèṣe bá wálẹ̀ díẹ̀, tí ọmọlójú ibẹ̀ kéré ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbòǹgbò ló ti tu, ẹ má ṣe dá a dúró rárá. Bí ọwọ́ bá tutù, tí ẹ kò sì mọ lílù ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ, kódà bó jẹ́ òru. Bó bá jẹ́ pé ìka tàbí ọrùn ọwọ́ ni kò gbọ́, tàbí tí kò mọ ìyẹ́ tí ẹ fi ra á, ẹ so apá náà kọ́ ọrùn kó má baà máa fa èjìká wálẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n sì dárúkọ nẹ́ẹ̀fù fún dókítà egungun. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́tí sí ẹran bóyá àṣẹ ń dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibi gbogbo ló ti wà. Ọsibítù Olabisi Onabanjo wà ní Ṣàgámù níbí, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn, ti ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibi tó bá kọjá agbára wọn, wọ́n mọ ọ̀nà Ìgbóbì, ọsibítù eegun tó wà ní Èkó.

Èjìká tó yẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó já bọ́ lórí ẹṣin nígbà tó ń múra Ojúde Ọba sílẹ̀, ẹni tí bọ́ọ̀lù gbé ṣubú. Nẹ́ẹ̀fù kan yí ọrùn eegun apá ká bí okùn ṣe ń yí èèkàn, òun ló sì ń gbé èjìká sókè. Bí eegun bá ti yẹ̀, ó ti fà á. Bí a bá wá ti ẹsẹ̀ bọ abíyá aláìsàn tí a sì fi gbogbo agbára fà á, a tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló máa ń padà jí láàárín oṣù mélòó kan, bí a kò bá dá kún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abíyá gbára lé ọ̀pá tí ẹ bá fi ń kọ́ ọ rìn. Ìdí ọwọ́ ni kó fi tẹ̀ ẹ́. Alábàárù wa kan ní Sábó tí palaba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹrù tó ń fi èjìká rù lójoojúmọ́ ni wọ́n ní ó tẹ nẹ́ẹ̀fù kan pa. Wọ́n ní kó sinmi. Ta ni yóò bọ́ ọ tó bá sinmi, ìyẹn ni wọn kò kọ sí káàdì.

Ọmọ tuntun ló ń dùn mí jù. Ọmọ tó tóbi, tí orí ti jáde tí èjìká há, tí wọ́n fi orí fà á. Wọ́n á ní apá ọmọ yẹ̀, wọ́n á gbé e wá sọ́dọ̀ yín kí ẹ fà á padà. Bí apá bá rọ̀, tí ìgúnpá nà gbọnrangandan, tí àtẹ́lẹwọ́ yí sẹ́yìn bíi ti ọlọ́pàá tó ń gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà láìfẹ́ kí èrò rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Nẹ́ẹ̀fù ọrùn ni, orúkọ dókítà Jámánì kan, Wilhelm Erb, ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n wò ó bóyá eegun náà dá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yìí ló ń gbádùn, bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ká apá fún wọn tí wọ́n sì ń nà án lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ṣe kọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta tí kò tíì lè ká ìgúnpá, kò yẹ kó tún sùn sílé láìrí oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ ó ní, “Àwọn dókítà ńkọ́, ṣé àwọn kì í ṣe àṣìṣe ni?” Wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ tá a dé, ẹnì kan pariwo mọ́ ìyá mi níwájú èrò pé ta ní kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ teguntegun, bí ẹni pé ó lọ jí nǹkan. Bí wọ́n bá ń bú yín, ẹ kò ní fi aláìsàn ránṣẹ́ sí wọn, aláìsàn ló sì máa san án. Mo mọ ìdí tí ọ̀dọ̀ yín fi jẹ́ ibi àkọ́kọ́ fún wa. Ẹ kì í ní ká sanwó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ènìyàn. Ìyá aláìsàn lè dáná lágbàlá yín, kó sì san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ títí ọjà fi máa tà. Ẹ̀rù pé wọ́n á gé e sì wà níbẹ̀, a kì í sọ ọ́ síta ni. Kí eegun máa wá sọ́dọ̀ yín. Nẹ́ẹ̀fù ni mo ní kẹ́ ẹ dá mọ̀, nítorí ojú yín ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó to eegun àbúrò mi. Ẹ̀rù bà mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní kí àbúrò mi sún mọ́ òun, ó di ojú, ó fi ọwọ́ wá èjìká náà láti ọrùn dé ìgúnpá bíi pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ó dárúkọ èèyàn mẹ́rin tó ti kọjá lọ́wọ́ òun láti ọdún wọ̀nyí wá, tí eegun wọn jinná tí apá wọn kò gbé, tí òun rò pé àwọn ni kò wọ́ ọ dáadáa nílé. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá fi ibi tí wọ́n ń ra han àwọn ọmọ iṣẹ́ òun. Mo béèrè bóyá kí n mú ìyẹ́ adìyẹ dání láti ọjà. Bàbá nawọ́ sí àgbébọ̀ kan tó ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Tirẹ̀ la máa fà.”

Èmi ni, ọmọ yín,
Olóbì kan ní Sábó, Ṣàgámù